Àwọ̀n Irin Lẹ́nu Gọ́tà

Ládùúgbò wa ní Ìbàfò, bí òjò bá ti ṣú báyìí, ẹ ó máa rí àwọn ará òkè àdúgbò tí wọ́n ń sáré gbé pàǹtí jáde. Inú gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí kí àgbàrá lè gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tó ń gbé e lọ. Ilé wa ló ń gbé e wá. Àwa la wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti pámpáàsì ọmọdé ti máa ń dí gọ́tà pa.

Lọ́dún tó kọjá, omi wọ yàrá ìyá mi. Orí tábìlì la gbé e jókòó sí títí omi fi fà, nítorí orúnkún ń dùn ún. Inú bí mi débi pé mi ò lè sunkún.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé àwọn onílé. Alága ní kí n da yẹ̀pẹ̀ sọ́gbà, kí n gbé ilẹ̀ sókè bí àwọn yòókù ti ṣe. Mo bi í pé bí mo bá gbé tèmi sókè, ilé ta lomi ọ̀hún máa yà sí.

Ló bá ní, "Ẹ ò ṣe kúkú dá màmá padà sí Ọ̀ṣun? Ibí yìí ò gba arúgbó mọ́."

Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ilé tí ìyá mi fi owó aṣọ títà kọ́ ni wọ́n ní kó kó kúrò nínú ẹ̀ o, nítorí pé àwọn ò lè dúró de ọkọ̀ kólẹ̀kólẹ̀.

Mo gbé irin ojú fèrèsé àtijọ́ kan lọ bá wẹ́dà, ó gé e kó bá gọ́tà mu. Lójú gbogbo àdúgbò ni mo rì í mọ́ gọ́tà níwájú géètì alága, lókè ilé wa. Omi lè kọjá. Pàǹtí ò lè kọjá.

Nígbà tí òjò rọ̀, wọ́n tún da tiwọn bí ìṣe wọn. Pàǹtí gbá jọ síbẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ géètì. Alága jáde, ó ní kí n yọ irin náà kíá. Mo ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí àgbà ni, mo sì dìde.

"Mi ò ní yọ ọ́, sà. Pàǹtí yín ni ká jọ kó."

Ó wo omi, ó wò mí. Ó pe àwọn aládùúgbò, a jọ kó o sínú àpò títí ọ̀nà fi là.

Irin náà ṣì wà níbẹ̀. Aláìgbọràn ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ yàrá gbẹ, ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní kí n má gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ yẹn wọ ilé òun.