Ìlà Pupa Tó Gba Ẹ̀yìnkùlé Wa

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdé kan. Àwa márùn-ún la wà nínú yàrá ìpàdé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa: alága ìgbìmọ̀, ẹnjiníà kan, obìnrin kan láti ẹ̀ka ìṣúná, kọ̀ńsọ́tántì tí a gbé iṣẹ́ ètò ìlú fún, àti èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀. Kọ̀ńsọ́tántì náà tẹ́ àwòrán ìlú sórí tábìlì, ó gbé ife tíì lé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó má baà ká. Ìlà pupa kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ Bẹẹrẹ, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn Ọjà'ba, ó forí lé Bẹyẹrúnká. Mo fojú tọ̀ ọ́ lọ. Mo rí mọ́ṣáláṣí wa. Mo rí kànga. Mo rí òrùlé ilé wa. Àárín rẹ̀ ni ìlà náà gbà.

Mo ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ wa ní ìwé kan tó ń sọ ibi tí títì máa gbà, ibi tí ọjà máa wà, ibi tí omi òjò máa ṣàn sí, fún ogún ọdún síwájú. Ogún ọdún náà ti kọjá, eku sì ti jẹ ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ ilé-ìwé tán. Wọ́n wá yan ìgbìmọ̀ kan pé kí ó wá onímọ̀ tí yóò tún un ṣe. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé nítorí pé ìkọ̀wé mi mọ́, ẹnu mi ò sì yá.

Nínú àwọn tó kọ̀wé wá, méjì ló kù lẹ́yìn tí a ti ṣà wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Wọ́n ní àwọn á ya àwòrán ìlú láti òkè, àwọn ò ní í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, oṣù mẹ́ta ni àwọn á fi parí ẹ̀. Èkejì ni kọ̀ńsọ́tántì yìí, obìnrin kan. Kò tíì pé ogójì ọdún. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkè-Àdó ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, òun àti àwọn mẹ́fà tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó ní òun á rán ènìyàn láti ilé dé ilé, wọ́n á bèèrè iye ẹni tó ń gbé ibẹ̀ àti ohun tó wà ní àgbàlá, wọ́n á kọ ọ́, olórí ilé á sì tẹ̀ka sí i. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni ìgbìmọ̀ fẹ́ mú. Alága wá ní kí n sọ tèmi, nítorí pé nínú gbogbo wọn, èmi nìkan ló ń gbé nínú ìlú àtijọ́.

Bíríkìlà ni mí kí n tó kàwé. Mo ti lé lọ́mọ ogún ọdún dáadáa kí n tó wọ kíláàsì alẹ́, ó sì kù díẹ̀ kí n pé ọgbọ̀n ọdún kí n tó gba ìwé mẹ́wàá. Mo mọ ohun tó wà lábẹ́ àwọn òrùlé yẹn.

“Láti òkè,” mo ní, “páànù tó dípẹtà ni gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bi wá.”

Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún obìnrin náà. Orí mi wú lọ́jọ́ náà. Mo rìn láti ọ́fíìsì délé, mi ò gun ọ̀kadà.

Obìnrin náà ṣe bí ó ti wí. Ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wa báyìí ní ọjọ́ Wẹ́sìdé yìí. Ó ní òun ti wo ọ̀nà mẹ́ta tí títì náà lè gbà, èyí tí yóò lé ènìyàn díẹ̀ jù kúrò nílé ni òun sì mú. Níbi tí títì náà bá ti kan ilẹ̀ òfìfo, ibẹ̀ ni wọ́n á fi ṣe ibùdókọ̀, kí mọ́tò yé dí Ọjà'ba pa. Ẹnjiníà ní iṣẹ́ rere ni. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo bèèrè iye ènìyàn tí wọ́n kọ fún ilé tó wà lẹ́yìn kànga. Kọ̀ńsọ́tántì wo ojú mi. Ó ṣí fáìlì, ó yọ ìwé kan, ó tì í sọ́dọ̀ mi.

Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ènìyàn mọ́kànlá ló ń gbé ilé náà. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kọ “ilẹ̀ òfìfo”. Níbi tí wọ́n ti bèèrè sàréè, wọ́n kọ “kò sí”. Nísàlẹ̀, àtàǹpàkò kan wà níbẹ̀ ní yíǹkì aláwọ̀ aró. Àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, àwọn ni olórí ilé wa.

“Ohun tí wọ́n tẹ̀ka sí ni mo lò, bàbá,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Mi ò fi ti ara mi kún un.”

Mo mọ̀ pé kò parọ́. Mo mọ ẹni tó pa irọ́ náà, mo sì mọ ìdí. Nílé wa, bí àjèjì bá gbé ìwé wá pé mélòó lẹ jẹ́, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: a ò pọ̀. Láyé owó orí ni wọ́n ti kọ́ ọ. Akódà tó ń gba owó orí á máa bọ̀ lókè, àwọn ọkùnrin ilé á ti gba ẹ̀yìn jáde, àgbà kan á jókòó síta, á ní òun nìkan ló kù. Ti sàréè náà sì nìyẹn. Àwọn wọlé-wọlé kan wá lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sin òkú sílé mọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè, kò sí sàréè nílé wa. Mẹ́tàdínlógún ló wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó mi ni wọ́n sin kẹ́yìn, ó pé ọdún mẹ́rin. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rẹ́ sìmẹ́ńtì orí sàréè rẹ̀.

Alága ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìgbà ìráhùn máa parí, lẹ́yìn ìyẹn àwọn á fọwọ́ sí i. Olórí ilé tó tẹ̀ka lè wá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó ń gbé ilé náà lè wá sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ ráhùn lórí ilé ara rẹ̀. Òfin yẹn dára. Èmi ni mo kọ ọ́.

Ní gbogbo ọ̀nà Bẹẹrẹ títí dé ìsàlẹ̀ Mápó, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń kí mi, mo ń dáhùn. Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní bàbá, ti kírun àlàásárì tán, wọ́n ṣì jókòó sórí awọ àgbò lọ́dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó wọn kékeré ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá yìí dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n ilé yìí ni wọ́n bá mi nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó wọlé, nítorí náà wọn kì í pe orúkọ mi. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo rò ó fún bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: àwòrán, ìlà, ìwé, àtàǹpàkò wọn. Ó gbà mí ní àkókò. Ìyá dáwọ́ ẹ̀wà dúró.

“Akọ̀wé ń sọ̀rọ̀ lónìí,” wọ́n ní. “Ẹ jẹ́ n lọ pe àwọn tó kù wá wòran.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti gbọ́njú ni ìjọba ti ń la títì gba ilé yìí lórí ìwé, títì mélòó ni mo rí? Mo ní ti èyí yàtọ̀, wọ́n á fọwọ́ sí i lọ́la. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi lọ, n óò háyà ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò ní í fi ẹsẹ̀ rìn.

“Kí n lọ sọ kí ni?”

“Pé a ju mọ́kànlá lọ, bàbá.”

“Mélòó la jẹ́?”

Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

“O rí i,” wọ́n ní. “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìwé tí o kà kò sọ ìyẹn fún ọ?”

Mo ní kí wọ́n kúkú sọ ti àwọn tó wà ní ẹ̀yìnkùlé nìkan. Wọ́n ní kí wọlé-wọlé lè wá gbé àwọn lọ sí kóòtù ní ọjọ́ ogbó? Mo ní, bàbá, ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ di ibùdókọ̀. Mo ní mọ́tò ni yóò máa dúró lórí ìyàwó mi.

Ìyá gbé àtẹ kúrò lórí itan. Nígbà tí bàbá tún sọ̀rọ̀, kò sí ẹ̀rín lójú wọn mọ́. Wọ́n bèèrè bóyá lóòótọ́ ni mo wà níbi tí wọ́n ti yan obìnrin náà. Mo ní èmi ni mo ní kí wọ́n yàn án. Wọ́n bèèrè bóyá mo mọ ọjọ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bọ̀ nílé wa. Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

“O mọ̀ ọ́n,” wọ́n ní. “O jẹun alẹ́ nínú ilé yìí, o kí mi pé ó dàárọ̀, o ò lè sọ pé, bàbá, àwọn kan ń bọ̀ lọ́la, ẹ sọ òótọ́ fún wọn?”

Mo ní òfin ìgbìmọ̀ ni pé a ò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì wálé.

“Nígbà tí ìyàwó rẹ wà,” bàbá ní, “a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ. Ó máa ń ti ọjà ìrépé aṣọ rẹ̀ ní Gbági dé, á jókòó síbí yìí, á ní ọkọ òun ní báyìí, ọkọ òun ń ro báyìí. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ. O ti sọ̀rọ̀ nísinsìnyí. Ó ti pẹ́.”

Wọ́n ní àwọn ò ní í lọ dúró níwájú àwọn tí kò tó ọmọ àwọn láti sọ pé àwọn purọ́. Wọ́n fọwọ́ ti ara wọn dìde, wọ́n wọlé.

Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Aṣọ tí àwọn obìnrin sá wà lórí okùn lókè àwọn sàréè. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì wà lápò mi. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ìwé tí bàbá tẹ̀ka sí. Bí mo bá dé ọ́fíìsì ní aago méje, mo lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ìkọ̀wé mi sì dára. Mo ronú sí i pẹ́. Lẹ́yìn náà mo rántí pé ìlà náà kò ní í parẹ́. Ilé ẹlòmíràn ni yóò gbà, onílé náà kò sì ní í mọ ohun tó mú un yà sọ́dọ̀ òun. Mo ro bóyá kí n hú òkú ìyàwó mi. Níbo ni mo fẹ́ gbé e lọ? Mo jókòó sórí bíríkì kan. Mo ti kọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, mi ò ní ilé mìíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo mú ìwé àjákọ kan, mo lọ kan ilẹ̀kùn yàrá tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Mi ò bèèrè iye wọn. Mo ní kí kálukú pe orúkọ ara rẹ̀ fún mi, mo sì kọ ọ́. Láti yàrá dé yàrá ni mo ń lọ. Ọkùnrin kan bèèrè bóyá owó orí ló tún dé. Mo ní rárá, kò gbà mí gbọ́, mo fi ojú ìlà tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Obìnrin kan pe orúkọ ara rẹ̀, kò pe ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá tẹ̀lé mi jáde sí ẹ̀yìnkùlé láìjẹ́ pé mo pè wọ́n, wọ́n sì pe orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ fún mi, láti orí ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ sin. Nígbà tí wọ́n dé orí ti ìyàwó mi, wọ́n dúró. Èmi ni mo pe ìyẹn fúnra mi, mo sì kọ ọ́. Ilẹ̀kùn bàbá kò ṣí.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mo dé ọ́fíìsì. Mo gbé ìwé ìpàdé àti kọ́kọ́rọ́ fún alága. Mo sọ fún un pé mo kúrò nínú ìgbìmọ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo jáde, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tó wá ráhùn. Èmi ni ẹnì kẹrin. Kọ̀ńsọ́tántì kọjá níwájú mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wọlé.

Nígbà tí wọ́n pè mí, mo wọlé, mo ka àwọn orúkọ náà sókè, àwọn alààyè kọ́kọ́, lẹ́yìn náà àwọn òkú. Ẹnjiníà ní ṣé olórí ilé tẹ̀ka sí i? Mo ní wọn ò tẹ̀ka. Wọ́n ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀, kí n máa lọ sílé. Mo fi í sílẹ̀. Mi ò lọ sílé. Mo padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, mo ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, mo ń retí ohun tí wọ́n máa fọwọ́ sí.