Fàásókè àti Irin Tí Kò Tíì Kúrò

Ìró tí Fàásókè kọ́kọ́ rántí láyé rẹ̀ ni ti kẹ̀kẹ́ kànga ẹ̀yìnkùlé wọn: kín-ín, kín-ín, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń fa omi. Ìyá wọn a ní kí wọ́n fi epo sí i. Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló mú un wọ iṣẹ́ ní ilé eré. Àwọn òṣèré ló sọ ọ́ ní Fàásókè, torí òun ló máa ń wà lórí pèpéle tóóró abẹ́ òrùlé, níbi tí gbogbo okùn ń gbà kọjá. Ohunkóhun tó bá rọ̀ sórí ìtàgé, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe ògiri pákó, irin tí ìwúwo rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba wà ní ìdí kejì okùn. Ìyẹn ni ọkùnrin kan ṣoṣo fi ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó sókè bí ẹni gbé agboorùn. Bí wọ́n bá fẹ́ tú ẹrù, Fàásókè ni yóò kọ́kọ́ kó irin kúrò lókè, yóò pariwo, "Irin ti kúrò!", kí ẹ̀gbọ́n tó wà nísàlẹ̀ tó fọwọ́ kan ìdè.

Lọ́jọ́ tí wàhálà dé, ẹ̀gbọ́n ń kánjú. Kò dúró gbọ́ ariwo kankan. Ó tú ògiri pákó kan nígbà tí irin rẹ̀ ṣì wà lókè. Irin já wálẹ̀ gbì, páìpù tí wọ́n so ògiri mọ́ fò sókè, ó fọ́ àwọn gílóòbù ìtàgé yángá. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò ba ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá ilé eré pe àwọn méjèèjì. Ó ní ẹni tó jẹ̀bi kò ní fọwọ́ kan okùn mọ́ nínú ilé òun.

"Ó pariwo pé irin ti kúrò, sà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́."

Fàásókè yíjú sí i. "Èmi, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Àbí o fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ lójú ọ̀gá?"

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò tú sí ìhòòhò lójú àjèjì. Ó gba ẹ̀bi náà sọ́rùn. Ọ̀gá ní ó tán nìyẹn: láti ọ̀la, ẹnu ọ̀nà ni Fàásókè yóò máa jókòó, yóò máa já tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí wọ́n ṣe jáde, ẹ̀gbọ́n fà á lápá. "Má bínú. Ìwọ ò tíì láya, ọmọ ń bẹ lọ́rùn mi. Tí mo bá sì rò ó dáadáa, ó dà bíi pé mo gbọ́ ọ nínú ọkàn mi."

"Ọkàn yín náà ti hu etí, ẹ̀gbọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti di àwàdà. "Jẹ́ n bá ọ gbá ìtàgé, ká jọ máa lọ sílé."

"Ẹ máa lọ, sà."

Kò pè é ní sà rí. Ẹ̀gbọ́n lọ. Fàásókè mú ìgbálẹ̀. Ó gbá àfọ́kù gílóòbù jọ títí dé abẹ́ àga iwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó wolẹ̀ dáadáa nítorí àwọn tó máa ń jó láìwọ bàtà, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, ó dì í lẹ́nu, ó gbé e lọ síta.