Títì Tí Wọ́n Fi Kánópì Dí

N kì í lọ síbi ayẹyẹ tí wọ́n bá ti fi kánópì dí títì. Bí ẹ bá pè mí tí mi ò wá, ẹ má sọ pé mò ń gbéra ga. Mo máa ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, mo máa ń pè lórí fóònù, mo máa ń ṣàdúrà fún ọmọ tuntun tàbí fún ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n kí n jókòó sáàárín ọ̀nà tó yẹ kí mọ́tò máa gbà, kí n máa jẹ ìrẹsì níbẹ̀, mi ò lè ṣe é. Ó ti lé ní ọdún méjìlá báyìí tí mo ti ń kọ̀ ọ́.

Ketu là ń gbé nígbà náà, ní àdúgbò kan tí mi ò ní dárúkọ, torí pé àwọn tí mò ń sọ ṣì wà níbẹ̀, a sì ṣì ń kíra wa. Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú mi. Ọjọ́ Sátidé ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ni mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi. Kò dùn mí rárá, ó kàn ń dà ṣáá, àìdùn yẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ọkọ mi sáré lọ yá mọ́tò onílé wa. Nígbà tó gbé e dé ẹnu géètì, kò sí ibi tó máa gbà. Wọ́n ń ṣílé lápá òkè, wọ́n ti fi kánópì mẹ́ta dí títì láti gọ́tà dé gọ́tà. Lápá ìsàlẹ̀, àwọn míì ń ṣe ọjọ́ ìbí bàbá wọn, àwọn náà ti dí tiwọn. Àdúgbò yẹn ò sì ní ẹnu ọ̀nà kẹta.

Mo wà lẹ́yìn mọ́tò, mò ń wo ẹ̀yìn kánópì aláwọ̀ búlúù àti funfun. Ọkọ mi ń bẹ̀bẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ ní sùúrù díẹ̀, wọ́n fẹ́ gé kéèkì." Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ. Obìnrin kan ní ká gba ẹ̀yìn lọ, bíi pé ẹ̀yìn wà. Ẹlòmíì ní, "Ṣé dandan ni kó jẹ́ òní ló máa bímọ ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó gbà mí ni ọlọ́mọlanke kan, àgbàlagbà Hausa tó máa ń kó àlùbọ́sà láti Mile 12 wá fún ìyá kan ní àdúgbò wa. Ó gbọn èèpo àlùbọ́sà kúrò nínú ọmọlanke rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé mi síbẹ̀. Ìyá mi, tó wá kí wa lọ́jọ́ náà, fi ìborùn rẹ̀ bò mí. Bí a ṣe gba abẹ́ kánópì kọjá nìyẹn, láàárín àwọn tábìlì, tí ọlọ́mọlanke ń pariwo, "Àgò! Àgò!" Àwọn èèyàn ń fa aṣọ wọn sẹ́yìn kí ẹ̀jẹ̀ má baà kàn án. Mo rí bàtà wọn. Mo rí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lábẹ́ àga wọn. A dé Ikorodu Road kí a tó rí mọ́tò tó gbé wa.

Èmi yè. Ọmọkùnrin ni ọmọ náà, òun ò yè. Nọ́ọ̀sì sọ fún ọkọ mi pé, "Ká ní ẹ tètè gbé wọn dé ni."

Ní ọjọ́ kẹta tí mo délé, àwọn tó ṣílé wá kí mi. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran wá nínú kúlà, pẹ̀lú abọ́ ike tí wọ́n tẹ orúkọ wọn sí. Wọ́n ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Mo ní àmín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Títí di òní, tí mo bá rántí pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, inú máa ń bí mi débi pé mi ò ní lè jẹun.

Ọlọ́run fún wa ní ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ìgbà náà. A kó kúrò níbẹ̀, a lọ sí Ikosi nítòsí ilé ìyá mi. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti ń lọ sí ilé kéú. Lọ́dún yìí, òun àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì ka Kùránì parí. Ó di dandan ká ṣe wòlímọ̀ fún wọn, kí wọ́n kà lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, kí a ṣàdúrà fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló pè wá jọ sí pálọ̀ ìyá wa. Ó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Mile 12, ó mọ èèyàn púpọ̀, ó sì fẹ́ kí gbogbo wọn wá. Ó ti pín iṣẹ́ kó tó jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ló ni ìrẹsì, èmi ni mo ni mọ́ínmọ́ín, ọkọ mi ló máa bójú tó ẹran.

"Kánópì mẹ́fà," ó ní. "Láti ẹnu géètì Màmá títí dé ilé oníbúrẹ́dì. Láti àárọ̀ la ti máa pa títì dé."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ibo ni mọ́tò máa gbà?"

"Mọ́tò ta ni?"

"Mọ́tò ẹnikẹ́ni."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin wọ́dà títì, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ò ṣe ra fèrè, kẹ́ ẹ máa fọn ọ́n?"

"Ọjọ́ kan ṣoṣo ni," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Gbogbo ayé ló ń ṣe é. Nígbà tí àwọn aládùúgbò ń ṣe tiwọn, ṣé wọ́n bi wá?"

"Torí pé wọn ò bi wá ni mo ṣe ń bi yín."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ tù mí nínú. "Àbúrò mi, nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ yẹn, kádàrá ni. Bí títì ṣí gbayawu lọ́jọ́ yẹn, ohun tí Ọlọ́run ti kọ náà ló máa ṣẹlẹ̀."

Èmi náà ń kírun. Èmi náà gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ìyè àti ikú wà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló gbé kánópì sójú títì. Àwọn ọkùnrin ló gbé e, mo mọ ojú wọn, mo mọ ẹni tó rán wọn. Àwa la máa ń ṣe nǹkan tán, tí a ó wá gbé e ka Ọlọ́run lórí. Gbogbo èyí wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, mo sì gbé e mì, torí ẹ̀gbọ́n mi ni, kì í ṣe ẹni tí mo ń dá lóhùn. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo sọ: "Tí ẹ bá dí títì, ọmọ mi ò ní bá wọn jókòó."

"Ọmọ tó ti ń kéwú láti ọdún mélòó yìí? Ìwọ ló máa sọ fún un o. Mi ò ní sí níbẹ̀."

Mo sọ fún un. Ó ń lọ aṣọ ilé kéú rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Mummy, mo ti mọ gbogbo ibi tí Àfáà fún mi lórí. Mi ò ní wòwé."

"Mo mọ̀."

"Ṣé torí kánópì ni?"

A ò tíì sọ fún un rí pé ọmọkùnrin kan ti wà ṣáájú rẹ̀. Mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó máa lọ aṣọ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tó ṣáájú wòlímọ̀, mo lọ bá oníkánópì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní kó bá mi fi ọ̀nà sílẹ̀ lápá gọ́tà, ìwọ̀n tí mọ́tò kan lè gbà. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n fún un nílẹ̀.

"Mummy, kánópì mi ò ṣeé gé bíi búrẹ́dì o. Tí mo bá yí i gígùn sára fẹ́ǹsì, mẹ́ta ló máa gba ibẹ̀. Mẹ́fà ni Ọ̀gá ní."

"Mo mọ̀ pé mẹ́fà ni wọ́n ní."

"Ẹ lọ bá Ọ̀gá sọ ọ́. Kí àwọn pè mí, mo máa yí i."

Mo padà sílé. Mi ò pe ẹnì kankan.

Ní àárọ̀ Sátidé, bí mo ṣe kírun tán, mo gbé àga ike kan síta géètì ìyá mi, mo gbé e kalẹ̀ lápá gọ́tà, níbi tí ẹsẹ̀ kánópì máa dúró sí. Mo jókòó lé e. Ẹ má rò pé mo láyà. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnì kankan má pariwo mọ́ mi. Àwọn oníkánópì dé, wọ́n já irin sílẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde ká ríbi ṣiṣẹ́."

"Ẹ máa ṣe tiyín lápá ọ̀hún."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ jẹ́ ká kúkú fi kánópì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn ni àlejò tó kọ́kọ́ dé." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó wò mí, ó wo irin, ó tutọ́ sí gọ́tà.

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Lójú gbogbo àdúgbò?"

"Mo fẹ́ kí títì ṣí sílẹ̀ ni."

"Dìde níbẹ̀."

"Mi ò dìde, Bọ̀ọ̀dá mi."

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ọmọ mi dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́wọ́, ó ń wò wá.

Ìyá wa jáde tòun ti tẹ̀súbáà rẹ̀. Ó fa àga kan, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jókòó.

"Màmá! Ẹ̀yin náà?"

"Ìborùn mi ni mo fi bò ó lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Mo fọ̀ ọ́ títí, kò mọ́. Mo sun ún. Ìwọ ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan lo wá, o sì ń sọ kádàrá fún wa."

"Ṣé bí ẹ ṣe máa jókòó síbí tí àwọn àlejò máa fi dé nìyẹn?"

"Tí ẹ bá ti fi ọ̀nà sílẹ̀, a máa dìde."

Ó kọjú sí oníkánópì. "Yí i gígùn," ó ní, ó sì wọlé lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Kánópì mẹ́ta. Àwọn àlejò tí kò ríbi jókòó dúró sóòrùn, àwọn míì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò. Ẹni tó bá bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi léèrè, á ní, "Ẹ bi wọ́dà wa." Mo gbọ́ ọ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Oòrùn ń yí, àwọn èèyàn sì ń fa àga tẹ̀ lé òjìji. Àga kan, àga méjì, kí n tó ṣẹ́jú, odindi tábìlì ti dé ojú ọ̀nà. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n kúrò. Mo ṣíjú, àwọn míì ti dé. "Aunty, oòrùn wà lápá ọ̀hún." "Ah, àlejò ni wá o, ẹ má lé wa." Ọkùnrin kan wá gbé jíìpù rẹ̀ sínú ọ̀nà náà, ó tì í pa, ó lọ jẹun. Mo wá a láti orí àga dé orí àga. Nígbà tí mo rí i, ẹran wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló ń kọjá?" ó bi mí. "Ẹ fi ẹnì kan hàn mí tó fẹ́ kọjá."

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bisimílà, ohùn náà kò sì gbọ̀n. Mo fẹ́ sáré lọ. Mo wo jíìpù náà, mo rí i pé kò sí bí kẹ̀kẹ́ ṣe máa gba ibẹ̀, ká má tíì sọ mọ́tò. Mi ò kúrò. Mo dúró sórí ọkùnrin náà títí tó fi fọ ọwọ́, títí tó fi wá kọ́kọ́rọ́, tó ń ṣe bí ẹni tí kò rí àpò ara rẹ̀. Nígbà tó gbé jíìpù kúrò, àwọn èèyàn ti ń ṣe Aláàhù Akibárù, ọmọ mìíràn ti gba gbohùngbohùn.

Kò pẹ́ sí i, kẹ̀kẹ́ Máruwá kan wọlé. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì ló kún inú rẹ̀, obìnrin kan há mọ́ àárín wọn. Awakọ̀ náà fọn fèrè mọ́ mi, ó pòṣé. "Ẹ tún ti fẹ́ dí títì! Ẹ̀yin èèyàn yìí ò níṣẹ́ méjì!" Èmi ló ń bú.

Oníjíìpù bú sẹ́rìn-ín. "Tòmátì! Torí tòmátì lẹ ṣe ń lé mi!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Torí tòmátì ni."

Lẹ́yìn àdúrà, ọmọ mi wá bá mi lẹ́bàá gọ́tà. Àwọn èèyàn ti fún un ní ẹ̀bùn, ó kó wọn mọ́yà, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Mo wá ojú yín, mi ò rí yín."

"Mo gbọ́ ohùn rẹ. Ó dára púpọ̀."

"Ṣé ẹ gbọ́ ibi tí Àfáà ti ní kí n tún un kà, tí gbogbo wọn dìde?"

Mo fẹ́ purọ́. Mi ò lè purọ́ fún un. "Mi ò gbọ́ ibẹ̀. Mọ́tò kan dí ọ̀nà."

Ó wo títì náà, ó wo àwọn èèyàn tó jókòó. "Mummy, ṣé kò sí ẹlòmíì tó lè bá yín ṣọ́ ọ ni?"

Mo wo abẹ́ kánópì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n mi ń kí àwọn ará ọjà, ọkọ mi ń pín ẹran, ìyá mi ti wọlé lọ sinmi. Àwọn tó kù ń jẹun, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ketu, wọ́n ti bá mi sunkún lórí rẹ̀ rí. Mi ò rí ẹni tí mo lè tọ́ka sí fún un. Bí a ṣe dúró bẹ́ẹ̀, obìnrin kan dìde, ó ń fa àga rẹ̀ bọ̀ lójú títì, àwọn méjì sì tẹ̀ lé e.

Mo ní kí ọmọ náà lọ jẹun. Mo lọ bá wọn.