Omi Tí Àwọn Òpùrọ́ Orí Tẹlifíṣàn Mú Wa Pọn

Alhamdulilahi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tó dá mi sí, tí mo fi lè jókòó rántí ohun tó ti ń bí mi nínú láti kékeré.

Òórùn okùn kànga tó ti rin gbingbin ni mo fi ń mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ti mọ́. Àwọn ọmọ yòókù lágboolé wa ní Òkèrèwè á ṣì máa sùn, èmi àti àbúrò mi á ti máa pọnmi sínú dúrọ́ọ̀mù wọn. Bàbá wa ló fà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásárì, gbogbo agboolé máa ń kóra jọ sí pálọ̀ wa láti wo ètò kan lórí tẹlifíṣàn. Èèyàn mẹ́ta á jókòó, wọ́n á ní iṣẹ́ kan náà làwọn ń ṣe. Ẹnì kan péré ló ń sọ òótọ́. Kí wọ́n tó tú àṣírí, kí olóòótọ́ tó dìde dúró, olórí ilé kọ̀ọ̀kan á mú ẹni tó gbà gbọ́. Ilé tó bá ṣì í mú, àwọn ọmọ wọn ni yóò pọnmi fún gbogbo agboolé lọ́jọ́ kejì.

Ààfáà ni bàbá wa, àwọn ló kọ́ mi ní kéú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dárúkọ Ọlọ́run nínú ètò yẹn, òun ni wọ́n máa mú. Ọkùnrin kan ní òun ń tún aago ṣe. Kò lè dárúkọ irinṣẹ́ kan ṣoṣo, ó kàn ní, "Àánú Ọlọ́run ni mo fi ń ṣe é." Bàbá mi nàka sí i: "Ẹni yìí ò lè parọ́." Mo káwọ́ lérí. Ìyá Bọ́sẹ̀ tí yàrá wọn kọjú sí tiwa rẹ́rìn-ín: "Ààfáà, ẹ ṣeun o. Dúrọ́ọ̀mù mi ti gbẹ."

Lọ́jọ́ kan, mo bẹ bàbá mi títí wọ́n fi ní kí n mú ẹni tó wù mí. Obìnrin mẹ́ta ní àwọn ń sin oyin. Ti àkọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà bí ẹni ka ìwé. Ẹ̀rù ń ba ti ìkẹta, ó ní, "Ọlọ́run ló ń ṣọ́ mi tí wọn ò fi ta mí pa." Bàbá mi wúkọ́. Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, mo mú ti àkọ́kọ́.

Ti ìkẹta ló dìde.

"Háà! Bàbá ṣì í, ọmọ náà ṣì í!" Ìyá Bọ́sẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Ẹ jọ pọnmi o!"

Nígbà tí mo dé ìdí kànga láàárọ̀, bàbá mi ti wà níbẹ̀, wọ́n ti ká apá jalámíà wọn sókè, wọ́n ń fami. Inú ṣì ń bí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣáà mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n sábà máa ń pa."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n obìnrin àná yẹn ńkọ́, tí o pè ní òpùrọ́? Gba garawa."

Mo gbà á, mo gbé e lérí. Ìbéèrè wọn yẹn tún wá bí mi nínú ju omi pípọn lọ.

Èmi náà ti di bàbá báyìí. Ọmọ mi obìnrin máa ń fi irú ètò bẹ́ẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan fi "Alhamdulilahi" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì nàka sí i. Ọmọ mi pòṣé: "Dádì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!" Òpùrọ́ ni ọkùnrin náà lóòótọ́. Inú bí mi, mo sì mọ̀ pé tó bá di ọ̀la, irú rẹ̀ náà ni n ó tún mú. A ò ní kànga nílé mọ́, àmọ́ òórùn okùn yẹn gba gbogbo pálọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òpùrọ́ rí yín mú, kí ẹnikẹ́ni má sì pe òótọ́ yín nírọ́. Àmín.