Jákẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Wọ̀ fún Ọmọ Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́kọ́ pe ọmọ mi ní pọ́ńkì lójú mi. Tíṣà àgbà ni kó tó fẹ̀yìn tì, títí dòní ló sì ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iwájú pátákó rẹ̀ la jókòó sí. Ọmọ náà wọlé, ó ti fá ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì, ó dá irun àárín sí, ó nà án sókè bí ogbe àkùkọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé o rí i? Pọ́ńkì lo bí."

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ mo mọ ohùn tó fi sọ ọ́. Ohùn tí wọ́n fi ń pe olè ni.

Nígbà tí bàbá náà lọ, mo bi ọmọ mi léèrè. Ìdúró ló ti ń jẹun, bó ṣe máa ń ṣe.

"Ọ̀rọ̀ ìgboro àwọn òyìnbó ni, Màmá. Láyé àtijọ́, wọ́n ń pe igi tó ti jẹrà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi ń pe ọmọ tí kò wúlò, jàǹdùkú, ẹni tí kò ní láárí. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń lu gìtá aláriwo wá ní, ó dáa, àwa náà nìyẹn. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹni tó ń bú wọn."

"Ẹ wá fi èébú joyè."

"Ó ti yé ẹ̀yin gan-an jù mí lọ!" Ó bú sẹ́rìn-ín, oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. "Tí bàbá yẹn bá pè mí bẹ́ẹ̀, ó ń bú mi ni. Tí Abẹ́rẹ́ bá pè mí bẹ́ẹ̀, ó ń kí mi ni."

Abẹ́rẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tó to píìnì sí etí bí ẹni tó fẹ́ rán an mọ́ orí kó má baà já bọ́.

"Ṣé irun yìí ni gbogbo rẹ̀?"

"Irun kọ́, Màmá. Aṣọ kọ́. Ohun tí èèyàn bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò gbọdọ̀ rà á. Ẹni tó bá lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù, adíbọ́n ni."

Ajórin ni ọmọ mi. Géètì, irin fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe. Tó bá tibi iṣẹ́ dé, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ẹni tó gé àlùbọ́sà láti àárọ̀, á ní kí n bá òun fi omi tútù sí i. Ní òpópónà wa, kò sí nǹkan burúkú tí wọn kì í gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Gọ́tà dí, pọ́ńkì ni. Adìẹ sọnù, pọ́ńkì ni. Àwọn yìí náà ni ìlẹ̀kùn wọn á yẹ̀, tí wọ́n á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ohùn wọn á ti rọ̀: "Ìyá wa, ṣé arákùnrin wa wà nílé?"

Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá láti ilé alágbàfọ̀ tí mo ti ń lọ aṣọ. Oníbàárà kan gbé e wá, kò padà wá gbà á, ọ̀gá mi ní kí n máa gbé e lọ. Awọ dúdú ni. Ọmọ mi ṣa àjákù irin níbi iṣẹ́, ó gé e, ó fi ayùn pọ́n ọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi di ìṣó ṣóńṣó, ó wá tò ó sí èjìká. Nígbà tí ẹ̀ta iná jó apá ọ̀tún, ó gé awọ lára báàgì bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó fi lẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a rán an. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kó wọ́ bó ṣe wọ́." Ó ya ajá funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo bi í pé kí ló ṣe ajá. Ó ní nǹkan kan ò ṣe ajá, ọ̀dà ló tán.

Iná mànàmáná ló pa á, lórí àtẹ̀gùn ilé kan tó ń jó irin sí. Wáyà ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ ti bó. Ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ní òun ti gbọ́. Gbígbọ́ náà ló ń gbọ́ títí òjò fi rọ̀ sórí àtẹ̀gùn.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ ẹbí: kí wọ́n jẹ́ kó wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní rárá, kóòtù àti táì ni, òun ò ní sin jàǹdùkú lórúkọ ìdílé òun. A fà á títí ohùn mi fi há. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ló bá mi bẹ̀ ẹ́. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tí Mọ́mì ń fẹ́. Èmi ni màá bójú tó aṣọ náà." Bàbá gbà. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo ṣàdúrà fún un pé kò ní fojú sunkún ọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, èmi àti Abẹ́rẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti ọmọ rẹ̀ ní mọ́ṣúárì. Nígbà tí wọ́n ṣí pósí, òórùn ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ kí mi. Jákẹ́ẹ̀tì tuntun ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń dán yinrin. Mo fọwọ́ kan ìṣó èjìká rẹ̀. Rọ́bà ni, wọ́n kùn ún láwọ̀ irin. Apá méjèèjì ti ya, yíya ọ̀tún sì dọ́gba pẹ̀lú ti òsì. Ẹ̀rọ ló ya á.

"Èwo rèé?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbá mi mọ́ra. "Ojúlówó ni, Mọ́mì! Mo sọ fún ẹni tó ń tajà pé aṣọ pọ́ńkì ni mò ń wá. Ó ní èyí gan-an ni wọ́n ń wọ̀ báyìí."

"Tiẹ̀ dà?"

"Èyí tó ti gbó yẹn? Ó ń rùn, Mọ́mì. Ajá ẹ̀yìn rẹ̀ ò tiẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé. Mo kó o mọ́ ìdọ̀tí nígbà tá a tún yàrá rẹ̀ ṣe."

"Ìdọ̀tí náà dà?"

"Ọkọ̀ ti kó o lọ lánàá."

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Màmá," ó ní, "wọ́n ti sọ ọ́ di adíbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́. "Ìyàwó, kí ló tún kù? Pọ́ńkì lo ní o fẹ́, pọ́ńkì la ṣe fún ẹ. Àbí ìhòòhò lo fẹ́ ká sin ín?"

Mo gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú, mo tẹ̀ mọ́ pósí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú lápá òsì. Abẹ́rẹ́ dìde, ó fa píláyà yọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ń tu rọ́bà náà bí mo ṣe ń já a. Nígbà tá a dé ibi tí ẹ̀rọ ya, ó yọ píìnì etí rẹ̀, ó fi so ó pọ̀. Ó wọ́. A jẹ́ kó wọ́.

"Mọ́mì, ẹ ń bà á jẹ́!" Ọmọ náà ń sunkún.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Mò ń bà á jẹ́."

Awakọ̀ fọn fèrè níta. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní àwọn èèyàn ti ń dúró ní itẹ́ òkú, òun ò lè fi àgbà òun dúró de wèrè. Ó ní kí wọ́n dé e. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ìwọ̀nba díẹ̀ sí i, mo kúnlẹ̀ pàápàá. Wọ́n dé e. Apá òsì nìkan la ṣe. Apá ọ̀tún rẹ̀ wọlẹ̀ bí wọ́n ṣe tà á ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣì ń ránṣẹ́ sí mi pé òun fẹ́ wá kí mi. Ó ní tìfẹ́tìfẹ́ lòun ṣe é. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní ìkà ló fi ṣe é ni, ǹ bá ti ṣépè fún un tán, kí n sì rí oorun sùn.