Ebè Tó Yanu Lọ́sàn-án

Rárá o, orí Ìyá Pẹ̀lúmi ò dàrú. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì bá a dé oko lọ́sàn-án gangan ni. Èmi bá a débẹ̀.

Ìyá Pẹ̀lúmi, ìyẹn Lydia Owólabí, ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ ń gbélé ní Odigbo. Lásìkò ọyẹ́, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ni ibà mú Eli ọkọ ẹ̀ lọ. Omi ló ń bèèrè. Kí ìyàwó ẹ̀ tó gbé ife dé, ẹ̀mí ti bọ́. Ohun tó fi sílẹ̀ ò ju irú iṣu kan báyìí, aláwọ̀ dúdú, tó máa ń ta sánsán bí wọ́n bá ń sè é. A ò rí i lọ́wọ́ ẹlòmíì mọ́. Bí èbù ẹ̀ bá fi lè run, ó tán nìyẹn.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí tàn wá jẹ. Ó rọ̀ dáadáa, gbogbo wa sáré gbinṣu, ni òjò bá lọ, kò wẹ̀yìn. Oòrùn mú títí ebè fi ń sán. Ẹ sáà mọ̀ pé bí ebè bá ti sán, iṣu ló ń ta nínú ẹ̀. Ọlọ́kadà kan tó ń lọ sí Araromi-Obu pariwo pé, "Màmá, ẹ máa jẹṣu tuntun ṣáájú ọba o!"

"Ewé ẹ̀ dà, ìwọ olójú ńlá?" Ìyá Pẹ̀lúmi bi í.

Kò séwé kankan. Ilẹ̀ gbígbẹ ló ń là: pọ́ọ́! pọ́ọ́! Inú ìró yẹn ni ọ̀rẹ́ mi ti ń gbọ́ ohùn Eli: "Lydia, omi." Èmi ò gbọ́ ohùn o, àmọ́ mo rí àwọn ebè yẹn, wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ, gbogbo wọn yanu sókè bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Wòlíì ilé àdúrà wa kìlọ̀ fún un pé bí òkú bá pèèyàn, a kì í dá a lóhùn. Ẹni bá dáhùn, á tẹ̀ lé e ni. Pẹ̀lúmi ọmọ ẹ̀ náà wá láti Ore.

"Mọ́mì, ẹ fi oko yẹn sílẹ̀ jàre. Ẹ jẹ́ ká fi gbin ẹ̀gẹ́."

"Kí èbù bàbá ẹ wá kú síbẹ̀?"

Lánàá, Ìyá Pẹ̀lúmi gbé bàsíà lọ sóko, ó ń wú èbù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù ti gbẹ, ó fúyẹ́ bí èèpo igi. Àwọn tó ṣì lẹ́mìí ò kún bàsíà dé ìdajì. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, la rì wọ́n sí. Èmi ni mo ń bá a gbẹ́lẹ̀. Mo wá bi í bóyá ó tún gbọ́ ohùn yẹn lóko.

"Mo dá a lóhùn," ó ní. "Mo ní, 'Eli, máa bọ̀ nílé, ibẹ̀ lomi wà.'"