Bàbá Ìbẹta àti Ọ̀rọ̀ Ìwọlé

Bí ẹ bá dé Datcha nílẹ̀ Tógò lọ́dún náà lọ́hùn-ún tí ẹ ń béèrè Hilaire Ògúnkọ̀yà, wọn á kọ́kọ́ máa wò yín bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ní Bàbá Ìbẹta lẹ ń wá, kíá ni wọ́n á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Geneviève ìyàwó rẹ̀ ló bí ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílé ìwòsàn Atakpamé. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ tí fadá sọ Hilaire ti di ti inú ìwé lásán. Inú rẹ̀ sì dùn sí i ju bó ti yẹ lọ. Bó bá ń yan lọ láàárín ọjà, ẹ ó rò pé òun gan-an ló rọbí.

Olùkọ́ ni nílé-ẹ̀kọ́ ológun kan lójú ọ̀nà Anié. Kì í ṣe ìbọn yínyìn ló ń kọ́ wọn o. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi jókòó ti rédíò àwọn ológun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bí a ṣe ń pa àṣírí mọ́: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ iṣẹ́ tí a rán, ìwé wo la gbọ́dọ̀ sun, ta ni kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dé sílé-ẹ̀kọ́ náà lọ́dún 1985, Kọmandáǹ, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, ní kí Hilaire kọ òfin tí wọn yóò máa fi ṣọ́ ọ. Ojú ìwé méje ló fọwọ́ kọ. Òfin kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi yangàn: ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ bá bọ́ sí etí ẹlòmíràn, kó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní fìyà jẹ ẹ́.

“Ẹ má bẹ̀rù ìyà,” ló máa ń wí fún kíláàsì. “Ìtìjú ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Òun ló ń jẹ́ kéèyàn dákẹ́.”

Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n sọ.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ̀ǹpútà yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo téèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó lè ṣí, ọwọ́ Hilaire ló wà. Òfin rẹ̀ ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n ti lò tán sínú kàyé, ìwé ìkọ̀wé kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Níbo lèèyàn á ti máa rí ọ̀rọ̀ tuntun lóṣooṣù? Hilaire wo inú ilé rẹ̀. Lóṣù kẹwàá ó lo Táyé, lóṣù kọkànlá Kẹ́yìn, lóṣù kejìlá Ẹ̀taòkò, ọmọ kẹta nínú ìbẹta rẹ̀. Nígbà tí ọdún yí, ó lo Ìdòwú, ọmọbìnrin tó tẹ̀lé wọn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ifẹ̀ ti Tógò wo ló máa rí orúkọ mẹ́rin wọ̀nyí nínú kàyé tí kò ní mọ ẹni tó kàn? Ṣùgbọ́n Hilaire ní àwọn ọ̀gá tó wá láti Lomé àti láti òkè àríwá kò mọ bí a ṣe ń sọmọ lórúkọ.

Ó sì gbàgbé ọ̀sán ọjọ́ kan lóṣù kọkànlá. Oúnjẹ ọ̀sán ti wọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlógún lára, wọ́n ń tòògbé. Kó lè jí wọn, ó kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sójú pátákó, ó ṣàlàyé bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀lé èkejì wáyé. Geneviève wà nínú oyún nígbà náà. Ó kọ Àlàbá sí ìsàlẹ̀, ó ní, “Ẹni yìí ló ń bọ̀ lọ́nà.” Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un.

Lóṣù kejì, Àlàbá ni ọ̀rọ̀ ìwọlé. Inú ẹ̀rọ ni ìbéèrè ìdánwò àṣekágbá wà. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, wọ́n rí ìbéèrè náà lódindi lẹ́yìn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn, kò sì sẹ́ni tó ní òun ló ni ín.

Kọmandáǹ pe Hilaire, ó ṣí kàyé síwájú rẹ̀, ó sì fi ipò ológun rẹ̀ pè é.

“Àjúdáǹ, kí ni orúkọ wọ̀nyí?”

Hilaire ṣàlàyé.

“Nítorí náà, ọmọ Ifẹ̀ nìkan ló lè mọ èyí tó kàn?”

Ọmọ Ifẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjìdínlógún. Kòkúmọ́ lorúkọ rẹ̀, kàpóràlì láti Moretan, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, orí rẹ̀ sì pé ju ti gbogbo wọn lọ. Òun náà ló ṣọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lọ́sẹ̀ yẹn. Hilaire rántí pátákó: gbogbo kíláàsì ló ti rí Àlàbá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, ìyà kò sí níbẹ̀, òun kúkú ló kọ òfin. Ṣùgbọ́n ó rí ẹ̀rín tí Kọmandáǹ máa rín. Ó rí àwọn èèyàn Datcha tí wọ́n ń sọ pé ọ̀gá aṣọ́àṣírí ló kọ àṣírí sójú pátákó.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mọn Kọmandáǹ,” ló wí.

Nígbà tí wọ́n mú Kòkúmọ́ wọlé, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kọ́, lẹ́yìn náà ó kọjú sí Hilaire, ó ń dúró. Hilaire wo ilẹ̀. Wọ́n gba àmì ipò lápá Kòkúmọ́ níṣojú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì lé e lọ pẹ̀lú àpótí rẹ̀.

Ó dun Hilaire, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí Geneviève bí ọmọ náà, kò lè pè é ní Àlàbá. Dorothée ló ń pè é, títí àwọn aládùúgbò fi ń béèrè bóyá ọmọ náà kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá dé ibi òfin tó fi ń yangàn ní kíláàsì, á fò ó. Ó jẹ́wọ́ fún fadá. Fadá ní kó lọ bá ẹni tó ṣẹ̀. Ó ka rósárì, kò lọ. Ọdún méjì ó lé kọjá báyìí kó tó sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Geneviève gbé ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀ sílẹ̀. “Ọmọ ọlọ́mọ lo fi bo ìtìjú ara rẹ? Tí o sì ń jẹun nílé yìí?” Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí Hilaire fi wọ ọkọ̀ Moretan.

Inú oko òwú ló ti bá Kòkúmọ́. Ọkùnrin náà ti rù. Hilaire dọ̀bálẹ̀ fún un láàárín ebè, òun tó jù ú lọ ní ogún ọdún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

“Mo mọ̀,” ni Kòkúmọ́ wí. “Ṣebí mo wà ní kíláàsì. Mo ń retí pé ẹ ó sọ ọ́ ni. Ẹ dìde, Bàbá Ìbẹta, ẹ dìde.”

“Mo máa kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́.”

“Ẹ kọ ọ́ bó bá wù yín. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ìyá mi ni kẹ́ ẹ sọ fún. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ló ti ń ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Kò bú mi rí. Ó kàn ń tì í ni.”

Kòkúmọ́ mú un délé. Ìyá Ọ̀ṣuntókí, ìyá rẹ̀, wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Hilaire kúnlẹ̀ ti ìyá náà. Ó sọ ti pátákó, ti kàyé, ti ìbéèrè tí Kọmandáǹ bi òun àti èsì tí òun fọ̀. “Ọmọ yín kò jí nǹkan kan, Ìyá. Èmi ni mo dákẹ́.”

Ìyá náà gbọ́ ọ títí dópin. Ó wo aṣọ ológun rẹ̀, ó wo eruku ọ̀nà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀.

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá,” ló wí. “Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ó dáa kéèyàn ní ọ̀gá tó lè ti ọ̀nà jíjìn wá parọ́ mọ́ ara rẹ̀ nítorí ọmọ ẹni.”

“Ìyá, irọ́ kọ́—”

“Yoo, mo ti gbọ́.” Ó fọwọ́ kàn án léjìká. “Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáa báyìí, ṣé ẹ ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá?”

Hilaire gbójú sókè wo Kòkúmọ́. Kòkúmọ́ ti yíjú sí ọ̀nà oko.